Ẹ̀KỌ́ FÚN Ọ̀SẸ̀ YÌÍ: Ọ̀RỌ̀ KAN TÍ Ó JÁDE LẸ́Ẹ̀KAN ṢOṢO

Kíkà: 1 Tímótíù 5:9–10, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28:1–11, 3 Jòhánù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lé lórí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù. Nínú gbogbo Májẹ̀mú Titun, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó jáde, èyí sì jẹ́ nínú ìwé kìíní sí Tímótíù, orí karùn-ún, ẹsẹ kẹwàá. Ní èdè Gíríìkì tí a fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ni xenodocheo. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá wúwo lè pè é ní ksẹnodokéò, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ọ̀rọ̀ méjì ni a so pọ̀ nínú rẹ̀: xenos, tí í ṣe àlejò, àti ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó túmọ̀ sí láti gbà, bí a ti ń na ọwọ́ méjèèjì láti gba ẹrù lórí ẹni tí ó ti rẹ̀. Àwa tí a kọ ẹ̀kọ́ yìí kò mọ Gíríìkì ju ohun tí ìwé atúmọ̀ èdè fi hàn wá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí a sùn, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Èyí tí àwọn oníwàásù mọ̀ dáadáa ni philoxenia, ìfẹ́ sí àlejò. Ó wà nínú Róòmù 12:13 àti Hébérù 13:2, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó tan mọ́ ọn sì wà nínú 1 Tímótíù 3:2, Títù 1:8 àti 1 Pétérù 4:9. Ọ̀rọ̀ dáradára ni. Ṣùgbọ́n ọkàn ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ènìyàn sì lè ní ìfẹ́ lọ́kàn kí ó sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Xenodocheo kò bèèrè ohun tí ó wà lọ́kàn wa. Ohun tí ó ń bèèrè ni ẹni tí ó sùn sí yàrá wa lánàá.

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè tiwa pẹ̀lú, nítorí ó ní ọgbọ́n tirẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Yorùbá ní èrò, ó ní àtìpó, ó ní àjèjì, ó sì ní àlejò. Èrò ni ẹni tí ń kọjá lọ. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí ni ó ń sùn. Àtìpó ni ẹni tí ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí ó kọ́lé, tí ó bímọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí a ṣì ń bi í pé, “Ilé ńkọ́?” Àwa náà nìyẹn ní Warri. Àwọn bàbá wa kan tẹ̀lé òwò wá sí èbúté yìí nígbà tí ó ṣì wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ John Holt. Àwọn mìíràn bá iṣẹ́ ìjọba wá, nítorí pé kí ọdún 1963 tó dé, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Warri wà, Ìbàdàn sì ni olú ìlú. Wọ́n wá síbí bí ẹni tí ó ti yàrá bọ́ sí pálọ̀. Nígbà tí a dá Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n jí, wọ́n bá ara wọn ní àlejò, láìkúrò lójú kan.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àjèjì àti àlejò ni a fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ wò. A máa ń sọ pé, “Àlejò mi dé,” tàbí pé, “Àlejò Ìyá Bùnmi ni.” Ta ni ó gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ pé, “Àjèjì mi dé”? Àjèjì kò ní ẹni tí a lè fi pè é. Àlejò ní. Láti ìgbà tí ẹnìkan bá ti gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ní kí ó jókòó, tí ó gbé omi fún un, ni àjèjì ti di àlejò. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà kì í fi í kọ́kọ́ bi ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú pé irú ènìyàn wo ni. Ohun tí wọ́n ń bi í ni pé, “Ilé ta ni o wọ̀ sí?” Bí kò bá rí èsì fọ̀, ìtìjú náà di ti àwọn onílé, kì í ṣe tirẹ̀. Gíríìkì tilẹ̀ lọ jìnnà ju tiwa lọ níhìn-ín: orúkọ kan náà, xenos, ni wọ́n ń pe àlejò àti ẹni tí ó gbà á. Ní Róòmù 16:23, Gáyù tí ó gba Pọ́ọ̀lù sílé ni a pè bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì wa mọ ọ̀ràn yìí lára. Ọmọ Òṣogùn ni Samuel Ajayi Crowther. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú. Ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone, níbi tí kò ti gbọ́ èdè onílé. Ibẹ̀ ni a ti gbà á, tí a kọ́ ọ ní ìwé, tí a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825. Odindi Bíbélì Yorùbá parí ní ọdún 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Nígbàkigbà tí a bá ka ọ̀rọ̀ náà “àlejò” nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀kan rí wà lára àwọn tí ó kọ ọ́ síbẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ padà sí 1 Tímótíù. Éfésù ni Tímótíù wà nígbà tí lẹ́tà yìí dé ọwọ́ rẹ̀, Éfésù sì jẹ́ ìlú èbúté bí tiwa. Ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Oníṣòwò, ọmọ ogun, atukọ̀, ẹrú àti aláàárù kún ìta rẹ̀. (Lẹ́yìn náà ni ẹrẹ̀ odò Kayster dí èbúté náà, tí òkun fi sún sẹ́yìn, tí ìlú sì di ahoro. Àwọn ará wa tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní èbúté yìí, tí wọ́n mọ wàhálà iyanrìn ẹnu odò Escravos, kò nílò àlàyé.) Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ibi tí àlejò yóò sùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ilé èrò olówó wà, ṣùgbọ́n ní ayé ìgbà náà, olè, ọtí àti àgbèrè ni a fi ń mọ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ibi tí a ti lo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀ràn ìwé orúkọ ni ẹsẹ yẹn ń sọ. Ìjọ Éfésù ní ìwé kan tí a ń kọ orúkọ àwọn opó sí. Kí ọjọ́ orí opó má dín ní ọgọ́ta ọdún, kí a sì wádìí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣé ó tọ́ ọmọ dàgbà? Ṣé ó gba àlejò sílé? Ṣé ó wẹ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn mímọ́? Ṣé ó ran ẹni tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́? Akọ̀wé ìjọ Éfésù, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó jẹ́, ní láti jókòó ti ìyá arúgbó kan kí ó bi í pé ta ni ó ti sùn sílé rẹ̀ rí. Kò bi í pé orin mélòó ni ó mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bi í pé èló ni ó dá nígbà ìkórè. Ẹ sì kíyè sí i pé opó ni, kì í ṣe olówó. Ó ṣeé ṣe kí ilé rẹ̀ má ju yàrá kan tàbí méjì lọ.

Ìwé orúkọ yìí ni ó gbé wa dé orí ọ̀ràn tiwa.

Ìjọ wa ní ìwé àlejò. Àwa ni a rà á, àwa ni a sì fa ìlà sí i: orúkọ, ìlú, ìjọ tí ó ti wá, nọ́ńbà tẹlifóònù, ọjọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, iṣẹ́ ni ó gbé e wá sí Warri. Ó dìde dúró nígbà tí a ní kí àwọn àlejò dìde, a kọ orin ìkíni fún un, a bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àwọn obìnrin fún un ní ohun mímu tútù àti bisikíìtì. Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sì wá ní ẹ̀kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin a kò rí i. A rò pé ó ti bá ìjọ mìíràn lọ, a sì ṣí ojú ewé mìíràn.

Ohun tí a kò bi í ni ibi tí ó ń sùn. Àwọn onílé tí ó lọ bá ń bèèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì gba owó oṣù àkọ́kọ́. Nítorí náà, orí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀ ni ó ń sùn. Ní òwúrọ̀ yóò san owó, yóò wẹ̀ ní ilé ìwẹ̀ àwọn awakọ̀, yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ó ti fi pamọ́ sínú ọ̀rá kí ó má baà rún, yóò sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Ní Ọjọ́ Ìsinmi ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ni ó wọ̀ wá bá wa. Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ lójú rẹ̀. Oṣù òjò sì ni oṣù Kẹfà níhìn-ín, ẹ̀yin náà mọ irú òjò tí a ń wí. Ibà gbé e ṣánlẹ̀.

Ìyá kan tí ó ń ta oúnjẹ ní ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ náà ni ó rí i tí ó ń gbọ̀n. Ará Urhobo ni ìyá yìí. Kì í ṣe ará ìjọ wa, kò sì gbọ́ Yorùbá ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Ó pa ọjà rẹ̀ tì, ó pe ọlọ́kadà, ó sì mú ọmọ náà lọ sí ilé rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi sùn lórí àga gígùn inú pálọ̀ ìyá náà. Òun ni ó ra oògùn fún un. Òun ni ó ń rẹ aṣọ sínú omi tí ó fi ń nù ún lára ní òru. Òun ni ó ń fún un ní ọbẹ̀ ata gbígbóná títí ẹnu rẹ̀ fi padà mọ oúnjẹ.

Nígbà tí ìròyìn dé etí wa, alàgbà méjì àti akọ̀wé gbé búrẹ́dì àti ọsàn, wọ́n lọ kí i. Ìyá náà wò wá láti òkè dé ilẹ̀. Ó wá bi wá ní Pijin pé, “Na una be him people?” A ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò fèsì. Ó gba búrẹ́dì náà, ó dúpẹ́, ó sì gbé àga fún wa, ó bu omi fún wa mu. A jókòó bí àlejò nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí a padà dé ilé ìjọsìn, a ṣí ìwé wa wò. Orúkọ ọmọ náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára gan-an.

A kò kọ èyí láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Bí a bá ń wá ẹni tí ó jẹ̀bi, akọ̀wé ni ó kọ́kọ́ jẹ̀bi, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé wà.

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28 lẹ́yìn èyí, yóò yé yín yàtọ̀ sí bí ẹ ti ń kà á tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ fọ́, ọ̀rìnlénígba ènìyàn ó dín mẹ́rin ni ó wẹ̀ gúnlẹ̀ sí erékùṣù Málítà. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú. Àwọn tí ó dá iná fún wọn jẹ́ àwọn tí Lúùkù pè ní aláìgbédè, nítorí pé wọn kò sọ Gíríìkì. Wọn kò mọ Pọ́ọ̀lù, wọn kò mọ Jésù. Ẹlẹ́wọ̀n sì pọ̀ nínú àwọn tí ó ń bọ̀ láti inú omi. Síbẹ̀ wọn kò kọ́kọ́ wádìí. Púbílíù, ọlọ́lá erékùṣù náà, gbà wọ́n sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ń lọ, àwọn ará ibẹ̀ di ẹrù oúnjẹ fún wọn. A kò bèèrè lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ wa bóyá ó ti ka orí náà rí.

Lẹ́yìn àkókò àwọn Àpọ́sítélì, ọ̀rọ̀ wa yìí bí ọmọ kan: xenodocheion, ilé tí a ń gba àlejò sí. Ní ọdún 362, Júlíánì ọba Róòmù, tí ó ti kọ ẹ̀sìn Kristi sílẹ̀, kọ̀wé sí olórí àwọn àwòrò ní Gàlátíà. Ó ń ráhùn pé inú rere àwọn Kristẹni sí àlejò wà lára ohun tí ó mú ẹ̀sìn wọn gbilẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí a kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ìlú. Kò sí ẹ̀rí tí ó dùn bí èyí tí ó ti ẹnu ọ̀tá wá. Kò pé ọdún mẹ́wàá púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Básílì, bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà ní Kapadókíà, kọ́ ilé ńlá sí ẹ̀yìn ìlú rẹ̀ lẹ́yìn ìyàn kan; arìnrìn-àjò, tálákà àti aláìsàn ni ó ń gbé ibẹ̀, oníṣègùn sì wà níbẹ̀ fún wọn. Ní ilẹ̀ Gíríìsì títí di òní, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń kọ sí ojú hòtẹ́ẹ̀lì. Ìrìn àjò rẹ̀ nìyẹn: láti yàrá opó, ó dé ilé ìjọ, ó wá di ohun tí a ń fi owó rà.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ti dá a lábàá pé kí àwa náà kọ́ ilé àlejò sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọsìn. Èrò rere ni, a kò sì ta kò ó. Ṣùgbọ́n Jòhánù Krisóstómù, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Konstantinópù ní ọdún 398, ti rí ewu tí ó wà nínú rẹ̀. Ó bá ìjọ rẹ̀ wí pé wọ́n ń fi ilé àlejò tí ìjọ ní ṣe àwáwí, ó sì ní kí olúkúlùkù ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Àwa fara mọ́ tirẹ̀. Bí a bá kọ́ ilé náà tán, ta ni yóò nu ara ẹni tí ibà ń ṣe ní òru? Ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ni?

Kò yẹ kí Yorùbá gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana tí Dókítà Kofi Busia ń darí pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kàn jẹ́ oníṣòwò tiwa, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbòho àti Ṣakí, tí àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ mọ ilé mìíràn. Bàbá kan wà nínú ìjọ wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Ó sọ fún wa pé ẹ̀rọ ìránṣọ kan ni wọ́n rí gbé wálé, àti pé nígbà tí wọ́n dé ìlú baba rẹ̀, àwọn ọmọdé ń pè é ní ará Gold Coast, wọ́n ń fi Yorùbá rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó fún wọn ní yàrá kì í ṣe ẹbí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983 ẹ̀wẹ̀, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari pàṣẹ fún àwọn àjèjì níhìn-ín bákan náà. Iye wọn lé ní mílíọ̀nù kan, àwọn ará Ghana ni ó sì pọ̀ jù. Gbogbo wa mọ orúkọ tí a fún àpò tí wọ́n fi kó ẹrù. A ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà títí di òní, a sì ń rẹ́rìn-ín.

A mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní ayé ti bàjẹ́, pé ẹni tí ó rántí ìjà ìlú yìí láti ọdún 1997 títí dé 2003 kò ní yára ṣí ìlẹ̀kùn lóru, àti pé àlejò kan ti kó ẹrù ẹnìkan lọ rí. Òótọ́ ni. Àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé kékeré kan tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn, tí a ń pè ní Didache, ní kí a gba ẹni tí ó bá wá ní orúkọ Olúwa, kí a sì wádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ó bá ń kọjá lọ, kí ó má ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá fẹ́ jókòó, tí ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́, kí ó ṣiṣẹ́ kí ó jẹun. Bí kò bá mọ iṣẹ́, kí ìjọ fi ọgbọ́n ṣètò rẹ̀ kí ó má di ọ̀lẹ láàrin wọn. Ẹ rí i pé gbígbà ni ó ṣáájú, ìwádìí tẹ̀lé e. Àwa ti yí i padà. A wádìí tán nínú ìwé, a kò sì gbà. Ẹ ka 3 Jòhánù pẹ̀lú, kò ju ojú ewé kan lọ. Gáyù gba àwọn àlejò. Díótíréfè kọ̀ wọ́n, ó sì ń lé àwọn tí ó fẹ́ gbà wọ́n jáde nínú ìjọ. Orúkọ àwọn méjèèjì ni a kọ sílẹ̀.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí nìyí. Ìdílé mẹ́rin ti gbà láti máa fún àlejò ní ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́ta, a ṣì ń fẹ́ sí i, pàápàá láti ìhà Okere àti ọ̀nà Sapele. Kò pọn dandan kí yàrá tóbi. Àga gígùn tó. Ẹni tí ó bá mú lẹ́tà wá láti ìjọ tí ó ti kúrò, kí ó fún akọ̀wé. Ẹni tí kò bá mú un wá, akọ̀wé yóò bá a pe ìjọ náà lórí tẹlifóònù ní ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n kí ó ti sùn ní ọjọ́ Àìkú kí ọjọ́ Ajé tó dé. Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ yóò máa bá ẹni tí owó ilé ọdún méjì bá wúwo fún bá onílé sọ̀rọ̀, kí ó lè san án díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti rí yàrá. Ó ń wá sí ìsìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Ìsinmi tí a kò bá rí i, ọ̀dọ̀ ìyá náà ni ó wà.

A ti fa ìlà kẹfà sínú ìwé àlejò. Ohun tí a kọ sí orí rẹ̀ ni: Ilé ta ni ó wọ̀ sí? Kí ẹni tí ó bá wà lẹ́nu ọ̀nà má ṣe jẹ́ kí ìlà náà ṣófo títí a ó fi ṣe àdúrà ìkẹyìn.